Ọwọ́ Tí Ó Tú Ẹ́ńjìnnì Ni Kí Á Kọ́kọ́ Bi Léèrè

Èmi akọ̀wé yín ni mo ń kọ ìwé yìí. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, páìpù àti ẹ̀rọ omi ni mo sì ń tà. Nítorí náà ẹ má ṣe retí ọ̀rọ̀ ńláńlá lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí n kò lè fi pamọ́ mọ́, nítorí pé ọwọ́ èmi fúnra mi ni ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́.

Nínú ìpàdé mẹ́ta tí ó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a gbé ẹjọ́ mọ́tò wá síwájú àwọn àgbà. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì dá àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́bi. Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, àwọn kan dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé mọ́tò rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa mọ́. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa gbé e lọ sí Apo tàbí Kugbo lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí, nítorí pé àwọn ọmọ tiwa kò mọ iṣẹ́. Wọ́n ní kí á dìbò lé e lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Èmi wí pé rárá. Òfin àìṣòdodo ni, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín kí ẹ tó na ọwọ́ sókè.

Nínú ẹjọ́ mẹ́ta náà, ọ̀kan jẹ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ bí ó ti rí gan-an.

Mọ́tò mi jẹ́ Toyota Corolla ti ọdún 2005, tòkunbọ̀, oní sílíńdà mẹ́rin. Ó ń jo ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Mo wò ó pé iṣẹ́ tí èmi fúnra mi lè ṣe ni. Mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ní ọ̀sán Sátidé kan mo tú u síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo pààrọ̀ wọn, mo sì fọ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Mo dì í padà. Mo ṣíná sí i. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá dúró nínú gosìló ní Karmo, gbogbo ara mọ́tò á máa mì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kí ó sáré, ara rẹ̀ á balẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì sì tàn kalẹ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ǹjẹ́ mo padà lọ wo ohun tí ọwọ́ mi ṣe? N kò padà. Mo ní epo ni. Mo fa gbogbo epo inú táńkì jáde. Ó ṣì ń gbọ̀n. Mo pe riwáyà kan tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àrùn mọ́tò. Ó gba 8,000 náírà, ẹ̀rọ rẹ̀ sì mú nọ́ńbà méjì jáde: P0171 àti P0300. Ó ní ti àkọ́kọ́ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ti èkejì ni pé iná ń já kiri láàárín àwọn sílíńdà. Èmi gbọ́ “epo kéré”, n kò gbọ́ “afẹ́fẹ́”. Mo ra pọ́ńpù epo ní 35,000 náírà. Ó ṣì ń gbọ̀n. Mo ra kọ́ìlì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 14,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 56,000. Ó ṣì ń gbọ̀n. Àpapọ̀ owó náà jẹ́ 99,000 náírà, láìka epo tí mo fà jáde.

Nígbà tí owó tán, ìbínú ni ó kù. Mo rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá mi pààrọ̀ bíréèkì ní oṣù tí ó ṣáájú. Mo ní òun ni ó ti fọwọ́ ba nǹkan jẹ́. Mo gbé e wá síwájú ẹgbẹ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì bi mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni ẹ ṣe sí i kẹ́yìn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n?” Mo jágbe mọ́ ọn pé ta ni òun tí ń fi ìbéèrè wá àgbà lẹ́nu wò. Àwọn àgbà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé akọ̀wé ni mí. Wọ́n ní kí ó san 20,000 náírà fún mi. Ó san án. Èmi ni mo kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni mo sọ àwọn àgbà wa di bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ẹrù, wá ra páìpù lọ́dọ̀ mi. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, ó ní kí n ṣí i. Bàbá kò mú sípánà kankan dání. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé, nǹkan ń fẹ́ bí ejò níbí o.” Ó fi àtàǹpàkò dí ihò kékeré kan, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Hóòsì kékeré kan wà tí ó ti ara tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Èmi ni mo yọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, n kò tì í padà dé ìdí, n kò sì fi kílíìpù rẹ̀ sí i. Ó ti já kúrò ní ẹnu ihò rẹ̀. Kílíìpù, ẹ̀yin ará! Ohun tí mo ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi ní 500 náírà. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.

Ẹ wá gbọ́ àlàyé tí bàbá náà ṣe fún mi, nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù ń fẹ́: afẹ́fẹ́, epo, iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, àti agbára tí ó ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sílíńdà. Nínú mọ́tò bí tèmi, ẹ̀rọ kékeré kan wà ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, ọpọlọ mọ́tò sì ń bu epo ní ìwọ̀n tí ẹ̀rọ náà bá sọ. Ó dà bí ẹni tí a fi sí ẹnu ọ̀nà ilé ìnáwó pé kí ó máa ka àlejò, kí alásè lè mọ iye abọ́ tí yóò bù. Bí àwọn kan bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, oúnjẹ kò ní ká, ariwo yóò sì sọ. Hóòsì tí ó já ni ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mọ́tò bá dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé kéré, nítorí náà àwọn tí ó gba ẹ̀yìnkùlé pọ̀ lójú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ kí ó sáré, èrò ẹnu ọ̀nà á pọ̀ gidigidi, ti ẹ̀yìnkùlé kò sì ní hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbọ̀n ní gosìló, tí ó sì ń dákẹ́ bí ó bá ń sáré. Mọ́tò náà ń pariwo òtítọ́ fún mi lójoojúmọ́. Èmi ni mo kọ etí dídi.

Nítorí náà ni mo ṣe wí pé: mọ́tò tí ó ń rìn dáadáa kí o tó tú u, tí ó wá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí o dì í, ọwọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ọmọ tí ó ṣe bíréèkì lóṣù tí ó kọjá, kì í sì í ṣe ayé. Ọwọ́ rẹ ni afurasí títí a ó fi rí ẹlòmíràn.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe, tí kì bá ti ná mi ní kọ́bọ̀? Kí n padà sí ibi tí mo tú, kí n sì tọ ipa ọwọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí n wo gbogbo hóòsì bóyá ó wọlé dé ìdí, bóyá ó là, bóyá kílíìpù rẹ̀ wà. Kí n wo pàǹpá ńlá tí ó gbé afẹ́fẹ́ láti ibi fíltà wá, bóyá mo dè é. Kí n wo orí wáyà kọ̀ọ̀kan tí mo yọ bóyá ó dún “kà” nígbà tí mo tì í padà. Kí n yọ púlọ́ọ̀gì wò bóyá tánganran rẹ̀ sán nígbà tí mo ń dì í, bóyá àlàfo ẹnu rẹ̀ pé, èyí tí ó jẹ́ bí 1.1 mílímítà fún ti mọ́tò mi, àti bóyá ọ́ìlì ti dà sínú kòtò rẹ̀. Kí n sì tẹ́tí sí ìró bí ti ejò. Bí etí kò bá gbọ́, kí n fi ìgò tí a fi ń fín omi sí aṣọ fín omi ọṣẹ díẹ̀ sí ìdí àwọn hóòsì, kí n má fín in sí kọ́ìlì àti wáyà. Ibi tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ni olè wà. Àwọn kan ń fín pẹtiróòlù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná láti wá ihò. Iná ni wọ́n ń wá o! Ẹ má ṣe é.

Àní kọ́ìlì tí mo fi 56,000 rà, kò sí ìdí tí mo fi rà á. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé P0302, sílíńdà kejì ni ó ń sọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́ìlì ti kejì, ẹ fi sí ẹ̀kẹta, ẹ sì fi ti ẹ̀kẹta sí èkejì. Ẹ tún un kà. Bí ó bá wá di P0303, kọ́ìlì ni ó jẹ̀bi, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ rà. Bí ó bá dúró sí P0302, kọ́ìlì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tàbí nọ́sù epo ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́ tí ó ní wáyà púlọ́ọ̀gì gígùn, kí ó mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní sílíńdà mẹ́rin, 1, 3, 4, 2 ni iná ń tẹ̀lé ara wọn. Bí o bá fi wáyà ẹ̀kẹta sí ipò èkejì, yóò gbọ̀n títí di ọjọ́ tí o bá dá a padà. Ṣùgbọ́n bí o bá ti tú bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tí ń darí fáàfù, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n, pa á, má sì tún ṣíná sí i. Eyín kan tí kò bá ara mu níbẹ̀ lè ba odindi ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ibẹ̀ ni kí o ti lọ pe ẹni tí ó mọ̀.

Àwọn tí ó fẹ́ òfin yìí yóò sọ pé, “Akọ̀wé, ẹ̀rọ ni a fi kà á, ẹ̀rọ kì í purọ́.” Lóòótọ́ ni. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí àwọn mọ́tò tuntun ní ojú ibi tí a lè ti ẹ̀rọ náà bọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa fi ní in. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rọ náà, kì í ṣe adájọ́. Ó sọ pé afẹ́fẹ́ àti epo kò dọ́gba. Kò sọ pé kí o ra pọ́ńpù. Èmi ni mo dá ẹjọ́ tí ẹlẹ́rìí kò sọ.

Àwọn mìíràn yóò ní, “Epo búburú ni ó ń ba mọ́tò wa jẹ́.” N kò jiyàn pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ fúnra wọn jẹ́wọ́ pé pẹtiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ǹjẹ́ ọjọ́ tí o ra epo ni ó bẹ̀rẹ̀, àbí ọjọ́ tí o mú sípánà? Ǹjẹ́ mọ́tò aládùúgbò rẹ tí ó ra epo níbi kan náà ń gbọ̀n? Bí kò bá gbọ̀n, fi epo sílẹ̀, kí o padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ.

Àwọn kan tún wà tí yóò gba apá kejì, tí wọn yóò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́tò ara rẹ̀ mọ́. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ẹ rántí bí nǹkan ti rí láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo. Pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 537 ní Abuja láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì di 617 ní oṣù keje. Gbogbo nǹkan bá a gòkè. Ta ni yóò wá bá alátẹ wí pé ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀? Tú mọ́tò rẹ bí o bá lè tú u. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí ènìyàn tú u láìkọ nǹkan sílẹ̀, kí ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. Tẹlifóònù tí ó ń ya àwòrán wà lọ́wọ́ wa gbogbo. Ya àwòrán kí o tó tú. To àwọn nọ́ọ̀tì lórí páálí bí o ti ń yọ wọ́n. Ṣe iṣẹ́ kan, ṣíná, tẹ́tí, kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èmi ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mọ èyí tí ó bí àrùn náà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, tí kò dúró lójú kan, epo tí kò jóná ni ó ń lọ jóná nínú ohun tí ń yọ́ èéfín lára sàlẹ́ńsà, ó sì lè bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ rọra pa mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ro ọ̀nà ilé. Ojú irin tí ó ti ìdí wa níhìn-ín ní Idu bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2016, Kàdúná ni ó ń lọ. Kò sí èyí tí ó gbé wa dé Ìbàdàn tàbí Ìlọrin. Bí òkú bá kú nílé, bí ìyàwó bá ń ṣe, ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni a ó gbà, a sì mọ bí ọ̀nà náà ti rí bí ilẹ̀ bá ṣú. Ṣé inú mọ́tò tí ń gbọ̀n ni kí á kó ìyàwó àti ọmọ sí, nítorí pé ojú ń ti baálé ilé láti sọ pé òun ni òun kò de hóòsì?

Ẹ tún ro ti ọmọ náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ ní ọdún 1976, tí wọ́n sì gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó wá síhìn-ín ní ọdún 1991, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa gbé wá. A kò ní oko níhìn-ín. Àwọn Gbàgyí ni ó ni ilẹ̀. Orúkọ rere ni oko wa. Bí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹkáníìkì Yorùbá kò mọ iṣẹ́, ṣé Hausa tàbí Igbo tàbí Gbàgyí ni yóò gbé mọ́tò fún un? Ọmọ náà kò wá sípàdé mọ́. Mo kọjá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Mọ́tò kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó sì ni ín.

N kò sọ pé àwọn ọmọ wa kò ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn kan nínú wọn ń méfò, wọn a ní “ẹ lọ ra eléyìí wá” kí wọ́n tó ṣí mọ́tò. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọmọ yìí bi mí, òun gan-an ni ìbéèrè tí ó tọ́, ìbéèrè tí oníṣẹ́ gidi ń bi ènìyàn. Bí mo bá ti dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, kílíìpù 500 náírà ni ì bá parí ẹjọ́ náà.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé tí ń bọ̀. Èkíní, kí á kọ òfin náà. Èkejì, kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ẹjọ́ mọ́tò wá, kí ó mú ìwé dání tí ó kọ gbogbo ohun tí òun àti ẹlòmíràn ti ṣe sí i, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá mú un wá, kí àwọn àgbà má gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí á sì padà wo ẹjọ́ méjì yòókù. Ẹ̀kẹta, kí á pa ẹjọ́ tèmi rẹ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀, ní gbangba, kí ọmọ náà jókòó níbẹ̀ nígbà tí a bá ń pa á rẹ́. Mo ti dá 20,000 náírà rẹ̀ sọ́tọ̀, ó wà lọ́wọ́ akápò. Èmi ni n ó fi ọwọ́ ara mi fà á nílà, ọwọ́ kan náà tí kò de hóòsì.

Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán.” Ṣùgbọ́n kò tíì tán nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́,
Akọ̀wé, Ẹ̀ka Idu.